Iná hítà ẹja mi ń tàn, omi ṣì ń tutù. Ẹ gbà mí o!

Ìyá Ìbejì (Mọ̀lípa, Ìjẹ̀bú-Òde)
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ sì kú ọyẹ́ yìí. Àwọn ìbejì mi ló fi ẹkún gba ẹja lọ́wọ́ mi, irú èyí tí wọ́n ń sìn nínú gíláàsì ní pálọ̀. Táńkì náà gùn ní 60 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ ní 30, ó ga ní 35. Guppy mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú betta pupa kan. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n ra hítà 100 wáàtì sí i nítorí ọyẹ́, mo sì rà á. Mo yí i sí dígírì 26.

Ohun tó ń dùn mí rèé. Bí NEPA bá mú iná wá, iná pupa kékeré orí hítà yẹn á máa tàn, kì í kú rárá. Àmọ́ tí mo bá jí ní aago mẹ́fà, 23 ni tẹmọ́mítà ń sọ. Lánàá ó tiẹ̀ di 22. Àwọn ẹja ò wẹ̀ káàkiri mọ́, ìsàlẹ̀ ni wọ́n kóra jọ sí, wọ́n pa lẹbẹ mọ́ra. Méjì nínú wọn ti ní àmì funfun wínníwínní, bí ẹni pé wọ́n wọ́n iyọ̀ sí i lára. Ṣé hítà yìí ti bàjẹ́ ni, àbí gbàrọgùdù ni wọ́n tà fún mi? Mi ò fẹ́ tún lọ náwó lásán.

Bàbá Ìpẹru
Ọmọ mi, o ti náwó lásán ná. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni mo ti ń sin ẹja, mi ò ra hítà rí. Ìgbà wo ni yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ní Rẹ́mọ? Àwọn òyìnbó tí omi ń dì mọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ni wọ́n ṣe nǹkan yẹn fún.

Ẹlẹ́ja Òkè-Àjẹ
Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, irú ẹja wo lẹ ń sìn?

Bàbá Ìpẹru
Goldfish. Mẹ́ta ni. Èyí tó dàgbà jù ti tó àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ẹlẹ́ja Òkè-Àjẹ
Ọ̀rọ̀ ti yé mi, Bàbá. Ẹja omi tútù ni goldfish. Omi tó wà láàárín 18 sí 22 bá a lára mu dáadáa, òun ò sì ní ohun tó fẹ́ fi hítà ṣe. Guppy àti betta ni tiwọn yàtọ̀. 24 sí 27 ni kí guppy wà, betta á tiẹ̀ fẹ́ kó gbóná díẹ̀ sí i. Nítorí náà ẹ̀yin jàre lórí tiyín, Ìyá Ìbejì náà sì jàre lórí tiẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ní àdúgbò wa níbí, òtútù nìkan kọ́ ni ọ̀tá yín. Ní ọ̀sán, pálọ̀ á gbóná, omi á lé sí 29. Ní ìdájí ọyẹ́, ó ti di 22. Ẹja tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní dígírì 7 lójoojúmọ́, àìsàn ò ní ṣàì rí i mú. Bí táńkì bá sì ṣe kéré tó ló ṣe máa ń yára gbóná, tó sì ń yára tutù.

Ọ̀rọ̀ mìíràn: ẹ yọ betta yẹn kúrò láàárín àwọn guppy. Ìrù guppy gígùn aláràbarà yẹn, betta ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń pè é. Yóò gé e jẹ. Ẹni tó kó wọn pọ̀ tà fún yín ò ṣe dáadáa.

Rewáyà Ṣágámù
Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí ẹ tó ju hítà nù, ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè méjì. Láti alẹ́ di àárọ̀, wákàtí mélòó ni iná ń wà ní Mọ̀lípa? Tó bá sì wà, ṣé ó máa ń mọ́lẹ̀ dáadáa, àbí gílóòbù máa ń pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún sùn?

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé 100 wáàtì tí wọ́n kọ sára hítà, tí iná bá pé 230 fóòtì (volt, agbára tó ń ti iná wá) ni. Tí fóòtì bá wálẹ̀, iná tó ń gba inú wáyà rẹ̀ kọjá náà á dín kù, ìdínkù méjèèjì á wá pa pọ̀ lé ooru lórí. Ní 150 fóòtì, hítà 100 wáàtì yín ti di nǹkan bíi 43. Kò tó ìdajì mọ́. Iná pupa rẹ̀ á ṣì máa tàn o, torí gílóòbù bíńtín yẹn ò béèrè púpọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ hítà, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni gílóòbù yẹn tiẹ̀ ń gbà. Wáyà tó ń gbóná lè ti já, kí iná pupa ṣì máa wò yín lójú. Ẹ má fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ rèé. Ẹ yọ hítà kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ dúró bí ogún ìṣẹ́jú kí ó tutù, kí ẹ tó yọ ọ́ kúrò nínú omi. Gíláàsì ni ara rẹ̀. Tí ẹ bá fà á jáde ní gbígbóná, tàbí tí ẹ tanná sí i láìsí omi, á là pàà. Ẹ wá bọ́kẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ẹ fi kẹ́ẹ̀gì lítà 5 bu omi sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ki hítà bọ̀ ọ́ kí omi bò ó dé ojú ìlà tí wọ́n fà sára rẹ̀. Ẹ yí i sí ibi tó ga jù kó má baà pa ara rẹ̀. Ẹ ka tẹmọ́mítà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó tanná. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ pa á, ẹ fi igi ro omi, ẹ tún kà á.

Hítà 100 wáàtì tí ara rẹ̀ yá, tí iná rẹ̀ sì pé, á fi nǹkan bíi dígírì 4 kún lítà 10 láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tó bá jẹ́ 2 péré, iná ló rẹ̀. Tí kò bá kúrò lójú kan, hítà ti kú. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì: ní aago mẹ́jọ alẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò ń lo iná, kí ẹ sì tún ṣe é nígbà tí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ìbejì má ki ọwọ́ bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn. Ẹ̀yin náà, ẹ má kì í bọ̀ ọ́ tí wáyà bá wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣé gan-an ni. Èmi ò mọ̀ pé iná rírẹ̀ lè ṣe irú èyí. Mo máa gbìyànjú rẹ̀ lálẹ́ òní.

Kékeré Ìjẹ̀bú-Igbó
Ẹ̀yin àgbà, kí ló dé tí ẹ ń wá ọ̀nà jíjìn? Boiling ring tí mo fi ń gbé omi ìwẹ̀ kaná, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni mo máa ń fi sínú táńkì tèmi láàárọ̀. Ó ń gbóná kíá.

Rewáyà Ṣágámù
Àbúrò, má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Boiling ring kò ní ohun tó ń dá a dúró, kò mọ 26, kò mọ 60. 1,000 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹja tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti jóná nìyẹn. Tí irin tí wọ́n fi bò ó bá ti ní ojú bíńtín, iná á jò sínú omi, ọwọ́ ẹni tó fẹ́ bu oúnjẹ ẹja sí i ló sì máa kọ́kọ́ mọ̀. Mo ti tú mẹ́ta tó ń jò láti oṣù kejìlá. Nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ìwẹ̀ gan-an, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Kékeré Ìjẹ̀bú-Igbó
Mo ti gbọ́ o, ọ̀gá.

Sítúdẹ́ǹtì Àgọ́-Ìwòyè
Ẹ kú ìjókòó. Mo ra tẹmọ́mítà ní kẹ́mísìì, èyí tí wọ́n ń fi sí abẹ́ apá. Gbogbo ìgbà tí mo bá tì í bọ omi ẹja mi, “Lo” ló ń kọ. Mo ti ń rò pé betta mi ti wọ inú fìríìjì.

Ẹlẹ́ja Òkè-Àjẹ
Ẹ̀rín pa mí. Tẹmọ́mítà ènìyàn nìyẹn, ooru ara ẹni tí ibà ń ṣe ni wọ́n fi kọ́ ọ, kì í ka ohun tó bá jìnnà sí i. Wá èyí tí wọ́n ṣe fún omi, onígíláàsì tó ń léfòó tàbí èyí tó ní wáyà tí wọ́n ń jù sínú omi. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì láti ìta, ó dáa jù kó máà sí lọ, àmọ́ afẹ́fẹ́ yàrá ń dà á láàmú. Tí owó rẹ kò bá tó ra nǹkan méjì, ra tẹmọ́mítà kí o fi hítà sílẹ̀.

Àwọn nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí orí hítà náà, ẹ má fọkàn tán an jù. Ẹ lè yí i sí 26 kó gbé omi lọ sí 28, tàbí kó dúró sí 24. Tẹmọ́mítà lẹ máa fi mú un. Ẹ yí i díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ tó tún yí i.

Tíṣà Ìlíṣàn
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àmì funfun yẹn, torí ẹni tó bá ń lé hítà nìkan á gbàgbé rẹ̀. Ich ni wọ́n ń pè é. Kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí dáadáa ni, ó ń wọ abẹ́ awọ ẹja. Ibi tó wọ̀ sí ló ń wú bí èso iyọ̀ yẹn. Òtútù òjijì ló máa ń ṣílẹ̀kùn fún un, torí ó ń sọ ara ẹja di aláìlágbára.

Oògùn kò lè pa á níbi tó fara pa mọ́ sí lábẹ́ awọ. Ó dìgbà tó bá jábọ́, tó pín sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ, tí àwọn ọmọ yẹn sì ń wẹ̀ kiri wá ẹja mìíràn, kí oògùn tó rí i mú. Ìdí tí a fi ń mú omi gbóná nìyẹn: ooru ń lé e sáré, ó ń yára jábọ́, ọwọ́ á yára tẹ̀ ẹ́. Ìyá Ìbejì, tí omi yín bá ti dúró déédéé, ẹ máa gbé e lọ díẹ̀díẹ̀ sí 29 tàbí 30, kó má ju dígírì kan lọ láàárín wákàtí mélòó kan. Ẹ má sáré. Ẹ fi pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ sí i, torí afẹ́fẹ́ tó wà nínú omi gbígbóná kò tó ti omi tútù. Tí ẹ bá rí i tí wọ́n ń ya ẹnu lójú omi, ẹ̀mí ló ń há wọn.

Tí ẹ bá fẹ́ lo oògùn, ẹ yọ èédú kúrò nínú asẹ́ omi yín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èédú á fa oògùn náà mu tán. Ẹ má dá a dúró ní ọjọ́ tí àmì bá kọ́kọ́ parẹ́ lára wọn o. Àwọn tó jábọ́ ṣì wà nínú yanrìn ìsàlẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Ẹ káàárọ̀. Mo ti dán an wò. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí iná NEPA dé, omi bọ́kẹ́ẹ̀tì wà ní 24. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò pé 26 dáadáa. Lọ́jọ́ Àìkú, bàbá wọn tan jẹnẹrétọ̀ torí bọ́ọ̀lù, mo tún ṣe é: láti 24, ó fo sí 28. Mo pariwo débi pé wọ́n rò pé wọ́n ti gbá góòlù wọlé.

Iná máa ń dé ní bíi aago mẹ́sàn-án, á lọ ní aago kan òru. Tó bá ti lọ, ó di ojúmọ́.

Rewáyà Ṣágámù
Hítà yín ò ní àìsàn kankan. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Táńkì yín, ká yọ yanrìn àti àyè òkè kúrò, á gba nǹkan bíi lítà 55. Kí lítà 55 tó lè fi dígírì kan gbóná, ó gbọ́dọ̀ gba nǹkan bíi 64 wáàtì fún odidi wákàtí kan. Hítà yín ń mú 43 wá, fún wákàtí mẹ́rin. Àpapọ̀ rẹ̀ ò tó dígírì 3, ìyẹn tí ooru kankan ò bá sá lọ. Ooru sì ń sá lọ ní gbogbo wákàtí mẹ́rin yẹn, ó tún ń sá lọ láti aago kan di mẹ́fà nígbà tí kò sí iná rárá. Ibo lẹ gbé táńkì náà sí?

Ìyá Ìbejì
Abẹ́ fèrèsé lúfà, kí àwọn ọmọ lè máa rí i kedere. Kò ní ìdérí.

Ẹlẹ́ja Òkè-Àjẹ
Abájọ! Láìsí ìdérí, nínú ọyẹ́, lábẹ́ lúfà. Ẹ ò ri pé omi táńkì yín máa ń fà lójoojúmọ́? Ooru ló ń bá omi tó ń fà yẹn lọ. Ìlú Ìjẹ̀bú-Òde lẹ ń fi hítà yẹn mú gbóná.

Bàbá Ìpẹru
Èmi máa ń fi gíláàsì bo tèmi. Kí ẹ má sọ pé mi ò dá nǹkan kan.

Ẹlẹ́ja Òkè-Àjẹ
Bàbá ti sọ ọ́ tán. Ẹ lọ bá onígíláàsì kó gé ìdérí fún yín, kó fi àyè sílẹ̀ fún wáyà àti ibi tí ẹ ó máa gbà bu oúnjẹ. Fóòmù funfun tó ń bá tẹlifíṣọ̀n wá nínú páálí, ẹ gé e mọ́ ẹ̀yìn táńkì àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ gbé e lọ sí ara ògiri inú lọ́hùn-ún. Ẹ kọ́kọ́ fa omi rẹ̀ dín kù dáadáa kí ẹ tó gbé e, gíláàsì tí omi kún ò ṣeé gbé. Hítà náà, ẹ má rì í mọ́ yanrìn, ẹ dùbúlẹ̀ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ nítòsí ibi tí omi asẹ́ ń tú jáde, kí omi lè máa gbé ooru rẹ̀ ká. Tó bá wà ní kọ̀rọ̀ tí omi ò ti rìn, àyíká rẹ̀ nìkan ló máa gbóná, á sì rò pé iṣẹ́ ti parí.

Rewáyà Ṣágámù
Tí ẹ bá ní sitẹbiláísà lára fìríìjì, tó sì lágbára tó, ẹ gbé hítà náà sí i. Ẹ jẹ́ kí wáyà rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ ju sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ kó tó gòkè wọ̀ ọ́, kí omi tó bá ń tò lórí wáyà lè kán sílẹ̀ láìdé inú iná. Mo rí ilé kan ní Mákun tí omi ti tọ wáyà wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ògiri ti dúdú.

Ìyá Ìbejì
Ṣé kí n kúkú ra 200 wáàtì, nígbà tí iná ti rẹ̀ tó báyìí?

Ọ̀túnba Ẹlẹ́ja, Ìjẹ̀bú-Igbó
Má ṣe é, ìyá. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Táńkì mi ò ju tiyín lọ, iná wa náà ń rẹ̀, mo bá ra 200. Ó dùn mọ́ mi fún bí ọdún kan. Ó wá di ọjọ́ Ojúde Ọba. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ti rán aṣọ, kùtùkùtù la ti bọ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n rí iná mú wá, iná tó mọ́lẹ̀ kedere, kò sì lọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo délé ní aago mẹ́sàn-án, mo ṣílẹ̀kùn, ooru omi kọ lù mí bí ẹni ṣí ìkòkò lórí iná. 38! Fìlà ṣì wà lórí mi tí mo fi ń kó òkú ẹja mọ́kànlá.

Nígbà tí mo tú hítà náà, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kó máa kan ara, kó sì máa tú nígbà tí omi bá gbóná tó, ti lẹ̀ mọ́ra pátápátá. Kò lè pa ara rẹ̀ mọ́. 200 wáàtì lórí lítà 55, tí iná bá pé, dígírì 3 ni láàárín wákàtí kan. Tó bá jẹ́ 50 wáàtì ló lẹ̀ mọ́ra, mi ò bá bá wọn láàyè.

Ọ̀gá Hátírì, Eriwe
Àwa tá à ń pa ẹyin ẹja àrọ̀ mọ ìbànújẹ́ yẹn. Tí omi bá wà ní 27 tàbí 28, ẹyin á pa ní bí ọjọ́ kan. Tó bá tutù, á pẹ́, olú á sì bo ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mi ò ra hítà ńlá kan, kékeré méjì ni mò ń rà. Fún táńkì Ìyá Ìbejì, 50 méjì dára ju 100 kan lọ. Tí ọ̀kan bá kú, èkejì á dì í mú. Tí ọ̀kan bá lẹ̀ mọ́ra, kò lágbára tó láti se ẹja kí ẹ tó dé.

Ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Àbúrò mi fi ọ̀kan ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, 100 wáàtì, 120 fóòtì. Mo fi adápútà sí i, mo kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tiwa. Mi ò tíì yíjú padà tó fi dún pòò! Lórí 230, ó ti ń fa ohun tó lé ní 360 wáàtì. Ẹnu púlọ́ọ̀gì nìkan ni adápútà ń yí, kì í yí fóòtì. 220 sí 240, 50 Hz ni kí ẹ wá lára rẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Ó ti di ọjọ́ kejìlá, ẹ jẹ́ kí n jábọ̀. Mo gbé táńkì kúrò lábẹ́ lúfà, onígíláàsì gé ìdérí, fóòmù wà lẹ́yìn rẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ (kò rẹwà, mo fi ánkárá bò ó). Hítà wà lára sitẹbiláísà. Láàárọ̀ àkọ́kọ́, 25. Mo wá gbé e lọ díẹ̀díẹ̀ sí 29, mo sì fi oògùn sí i. Guppy kan kú lọ́jọ́ kẹta, àwọn mẹ́sàn-án yòókù kò ní àmì kankan lára mọ́. Betta ti wà nínú abọ́ tiẹ̀. Kẹ́hìndé ní kò dáa bẹ́ẹ̀, ó ní ó ń dá jẹun.

Bàbá Ìpẹru
Ẹ kú oríire. Èmi náà ti ra tẹmọ́mítà yẹn o, nítorí ariwo tí ẹ ń pa. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán àná, omi àwọn goldfish mi wà ní 31. Ṣé ó burú?

Ẹlẹ́ja Òkè-Àjẹ
Ó ga jù fún wọn, Bàbá, ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ò sì tíì dé. Ẹ ṣí gíláàsì tó bò ó ní ọ̀sán, ẹ fi àwọ̀n sí i dípò kí wọ́n má fò jáde, kí ẹ sì kọ fáànù kékeré kan sí ojú omi. Á gbé e wálẹ̀ ní dígírì 2 tàbí 3.

Bàbá Ìpẹru
Fáànù ni ẹ ní kí n fi fẹ́ ẹja? Èmi tí mo ni ilé, abẹ̀bẹ̀ ni mo mú dání yìí.